Wọ́n tún ní ká lọ kọ lẹ́tà wá

Inú ń bí mi, mi ò sì ní í bò ó. Láàárọ̀ òní, èmi àti Ìyá Alága PTA pẹ̀lú bàbá kan tí Baálẹ̀ ní kó ṣojú òun tún gun ọ̀kadà lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣàkóso ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níjọba ìbílẹ̀ wa, nítorí òrùlé ilé ìwé àwọn ọmọ wa tí ìjì ṣí. ₦1,500 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, àlọ nìkan nìyẹn. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ la débẹ̀. Aago kan ọ̀sán ti lù kí wọ́n tó pè wá wọlé. Akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì ṣí fáìlì kan, ó pa á dé, ó ṣí òmíràn, ó ní òun ò rí nǹkan kan níbẹ̀ tó jẹ mọ́ ilé ìwé wa. Ó ní, "Ẹ lọ kọ lẹ́tà wá."

Lẹ́tà wo? Ẹ̀dà lẹ́tà mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ mi, òǹtẹ̀ ọ́fíìsì wọn wà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, déètì sì wà lára òǹtẹ̀. Mo tò wọ́n síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wò wọ́n títí, ó ní ọ̀gá tó wà níbẹ̀ nígbà náà ti gba tirańsífà, ẹni tuntun tó dé ò tíì mọ̀ sí i. Ṣé bí ọ̀gá bá ti lọ, òrùlé tó ṣí náà bá a lọ ni?

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí ló mú ìjì wá, tí ìjì sì ká páànù orí kíláàsì kẹta àti ìkẹrin bí ẹni ká ẹní. Ọjọ́ Sátidé ni, ọmọ kankan ò sí níbẹ̀, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Káfíńtà ni mí, ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kan òrùlé kiri. Lọ́jọ́ kejì mo gun orí ògiri yẹn, mo sì rí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe síbẹ̀. Pákó tútù ni agbaṣẹ́ṣe lò, pákó tí ò gbẹ, tí ẹnikẹ́ni ò kùn ní òògùn ikán. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan nínú àwọn igi náà, àtàǹpàkò mi wọnú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ àkàrà. Ìṣó tí wọ́n fi kan páànù ò gùn tó ìka ọmọdé. Kò sí irin, kò sí wáyà tí wọ́n fi so igi òrùlé mọ́ ògiri, wọ́n kàn gbé e lé e ni. Ilé náà ò tíì pé ọdún mẹ́fà! Pátákó tí wọ́n kọ "iṣẹ́ ìjọba" sí ṣì dúró digbí lẹ́nu géètì, nítorí pé irin ni ẹsẹ̀ tirẹ̀, wọ́n sì fi kọnkéré dè é mọ́lẹ̀. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan kó má ṣubú. Kíláàsì àwọn ọmọ wa ni wọn ò ṣe é fún.

Láti ìgbà náà, kíláàsì mẹ́ta ló ń jókòó sínú yàrá kan. Olùkọ́ kan kọjú sí ògiri, èkejì kọjú sí ẹnu ọ̀nà, àwọn méjèèjì sì ń pariwo mọ́ra wọn láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Bẹ́ǹṣì ò kárí. Ọmọbìnrin mi tó wà ní kíláàsì kẹrin ń ru àpótí ìdáná ìyá rẹ̀ lọ sílé ìwé ní gbogbo òwúrọ̀, bó bá dé ni ìyá rẹ̀ tó lè rí àpótí jókòó dáná. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ká wọn mọ́ ibi tí wọ́n wà, nítorí yàrá tó kù yẹn náà ti ń jò. Mo ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kó lè gbẹ. Báírò ti ṣàn. Ohun tó hàn kù níbẹ̀ kò ju máàkì pupa tí olùkọ́ rẹ̀ fà sí i lọ. Ọmọ yẹn ò sunkún o. Ó kàn mú ìwé náà, ó ń tún ìlà fà. Èmi ni omi lé sí lójú.

Òfin wà. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọ̀fẹ́ ti 2004 ní kí ìjọba kọ́ gbogbo ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ láti kíláàsì kìíní títí dé JSS 3, ọdún 9 gbáko. Òfin yẹn kan náà ló ní kí wọ́n bá òbí tí ò bá rán ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé ṣẹjọ́, owó ìtanràn wà níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀. Èmi rán tèmi lọ. Òrùlé ni kò bá níbẹ̀. Ta ni wọ́n fẹ́ bá ṣẹjọ́ ìyẹn?

Lẹ́tà àkọ́kọ́ la kọ ní April, pé ìjì ti ṣe wá báyìí o. Kò sẹ́ni tó wá wò ó. Ohun tó wá ni ìpè lórí fóònù: ẹgbẹ́ òṣèlú wo lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn, ta ló rán yín? Nítorí pé ẹnì kan ya fọ́tò ògiri yẹn sórí WhatsApp, wọ́n fún ọ̀gá ilé ìwé wa ní kúèrì. Obìnrin jẹ́jẹ́ tó ń fi owó oṣù rẹ̀ ra ṣọ́ọ̀kì! Láti ọjọ́ náà, bá a bá ṣe ìpàdé PTA, kò ní í la ẹnu rẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí ju páànù lọ. Kí ìjì ṣí òrùlé, mo gbà. Kí èèyàn pa obìnrin yẹn lẹ́nu mọ́ nítorí pé òrùlé ṣí, mi ò gbà.

Lẹ́tà kejì, àgùnbánirọ̀ kan tó kàwé òfin ló bá wa kọ ọ́ ní May. Ó lo òfin 2011 tó fún aráàlú láṣẹ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, tó sì fún wọn ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Ìbéèrè wa ò le. Ìjọba àpapọ̀ ń ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ orílẹ̀-èdè sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, èyí tó wà fún kíláàsì kíkọ́ nínú rẹ̀, ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi iye kan náà lélẹ̀ kó tó rí i gbà. Ṣé ìpínlẹ̀ wa ti fi tirẹ̀ lélẹ̀? Èló ló kan ìjọba ìbílẹ̀ wa? Ta ló kọ́ kíláàsì tó wó yìí, ta sì ni ẹlẹ́rọ tó fọwọ́ sí i pé ó dára? Ọ̀sẹ̀ méje ti kọjá báyìí. Èsì kan ṣoṣo tá a gbọ́ ni pé, "Ta ló bá yín kọ ọ́?"

Ẹ wá gbọ́ ti ẹ̀kẹta. Nígbà tó sú wa, a ní ká dáwó ká kan án fúnra wa. Mo ní mi ò ní í gba kọ́bọ̀ owó iṣẹ́. Àwọn ìyá ọjà ti dá owó ìṣó, ẹnì kan fi igi gẹdú méjì sílẹ̀ lóko rẹ̀. Ọ́fíìsì ní rárá, ilé ìjọba ni, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láìgba ìwé àṣẹ. Ó dáa, a kọ̀wé pé kí wọ́n fún wa ní ìwé àṣẹ. June la kọ ọ́. Òun ni wọ́n ní àwọn ò rí lónìí. Wọn ò kàn án, wọn ò jẹ́ ká kàn án!

Bàbá mi wà lára àwọn ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní lọ́fẹ̀ẹ́ ní January 1955. Ògiri alámọ̀ ni, àwọn ará abúlé ló mọ ọ́n. Owó orí tí wọ́n gbé lé àwọn bàbá wọn nítorí ẹ̀ dùn wọ́n débi pé ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ fìdí rẹmi ní Ìwọ̀ Oòrùn nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ní 1954. Síbẹ̀ ilé ìwé ṣí lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Bàbá mi ní ìńsípẹ́tọ̀ a máa gun kẹ̀kẹ́ wá, á wo inú kíláàsì, á wo ìwé àwọn ọmọ, á ka orí wọn. Kẹ̀kẹ́ o! Àwọn tèmi yìí ní mọ́tò mẹ́ta ní iwájú ọ́fíìsì, mo kà á lónìí.

Mi ò kọ lẹ́tà kẹrin. Ìyá Alága ti bá àwọn ìyá ọjà sọ̀rọ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Ní Túsìdeè, bọ́ọ̀sì méjì la máa kún, kálukú á gbé àpótí tí ọmọ rẹ̀ fi ń jókòó nílé ìwé dání. Ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì yẹn la máa tò wọ́n sí, a ó sì jókòó lé wọn títí ẹnì kan á fi tẹ̀ lé wa wá wo ògiri yẹn.