Wọ́n Ní Kí Owó Àjọ Mi Wá Sọ Ibi Tó Ti Wá

Ọjọ́ kẹta rèé tí mi ò lè jókòó ti máṣíìnì kí n rán nǹkan gidi. Lánàá mo gé apá aṣọ ìyàwó kan kúrú, bẹ́ẹ̀ Sátidé ni wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́. Bí mo bá ti gbé sísọ́ọ̀sì ni lẹ́tà tí àwọn ará Ìlú Ọba fi sọ pé àwọn ò fún mi ní físà ń wá sí mi lọ́kàn. Ojú ewé méjì péré ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni òṣìṣẹ́ tí kò rí mi rí kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tí mo sọ kò tẹ́ òun lọ́rùn. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn! Èmi tí mo ti ń tẹ́ oníbàárà lọ́rùn láti ọdún 2004.

Ohun tó gbé mi dé ìdí físà kò le rárá. Àbúrò mi bímọ ní Manchester. Ìyá wa ni ì bá lọ bá a wẹ ọmọ, orúnkún kò jẹ́. Láti yàrá dé ilé ìdáná, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Wọ́n ní kí n lọ dúró fún àwọn. Èmi tó jẹ́ pé Kánò ni mo jìnnà dé jù láyé mi, mo ní kò burú. Mo níṣẹ́ lọ́wọ́, mo lọ́kọ, mo bímọ mẹ́ta, mi ò jalè, mi ò jẹ gbèsè. Mo rò pé Ìlú Ọba dà bí ilé àna: o wọṣọ tó mọ́, o kúnlẹ̀ dáadáa, wọ́n ṣílẹ̀kùn.

Páspọ́ọ̀tù kọ́kọ́ gba ₦100,000 lọ́wọ́ mi, olójú ewé 32, ọlọ́dún márùn-ún. Ká ní mo tètè jí, kí n gbà á ní August 2025, ₦50,000 ni ǹ bá san. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù September ni wọ́n ti sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Mo san án, mi ò sọ̀rọ̀. Ìyẹn sàn, torí wọ́n kọ iye rẹ̀ síta, èèyàn rí i kó tó gbéra. Èyí tí wọn ò kọ síta ló pa mí.

Ọmọkùnrin kan wà lókè ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá tó ya bàálù sára ògiri. Èjẹ́ǹtì ni. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ ti wọlé nìyẹn." Ẹni tó bá ti sọ báyẹn fún yín kí ẹ tó jókòó, ẹ dìde.

Àyẹ̀wò ikọ́ ife ló kọ́kọ́ ní kí n lọ ṣe. Mo wọkọ̀ ìdájí lọ Èkó, wọ́n ya fọ́tò àyà mi, mo kówó sílẹ̀, mo padà wálé lóru. Mo wá fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àbúrò mi pẹ̀lú ayọ̀. Ó pariwo lórí fóònù: "Àǹtí mi, ta ló ní kẹ́ ẹ ṣèyẹn?" Ẹni tó bá fẹ́ lò ju oṣù mẹ́fà lọ ni wọ́n ń bi ní ìwé ikọ́ ife. Oṣù méjì ni mo fẹ́ tọrọ. Mo gòkè lọ bá ọmọkùnrin náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì, ká má baà wá a tì nígbà tí wọ́n bá bèèrè ni."

Irú ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Ìyá Sọ́díìqì tó gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú nígbà tó ń lọ Mẹ́kà ní 2012. Wọ́n ní yẹ́lò káàdì rẹ̀ ti kú, ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ, ó sì sanwó gba òmíràn. Bẹ́ẹ̀ láti July 2016 ni WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti sọ pé ẹ̀ẹ̀kan téèyàn gba abẹ́rẹ́ yẹn ti tó o títí ayé, káàdì àtijọ́ náà sì wúlò. Ọdún kélòó la wà yìí? Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹun nídìí ẹ̀, ìgbà wo ni yóò gbọ́?

Ó wá kan fọ́ọ̀mù. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Wọ́n béèrè ọjọ́ ìbí ìyá mi: ọjọ́, oṣù, ọdún. Mo pè wọ́n. Wọ́n ní àwọn ń rákò nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira. Mo ní, "Màámi, ẹ mú ọjọ́ kan." Wọ́n ní ọjọ́ ọjà ni, òjò sì rọ̀. Ti bàbá mi tó ti kú ńkọ́? A kàn wá nǹkan kọ ni. Wọ́n tún bi mí bóyá mo ti lọ́wọ́ nínú ìpániláyà rí, bóyá mo ti hùwà ọ̀daràn lójú ogun. Mo wo abẹ́rẹ́ ọwọ́ mi. Ẹ gbọ́ ná, ẹni tó ṣe irú ẹ̀, ṣé yóò tẹ bẹ́ẹ̀ ni?

Ibi tí wọ́n ti béèrè ohun tí mò ń lọ ṣe ni èjẹ́ǹtì ti gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé àbúrò mi bímọ, mò ń lọ bá a tọ́jú ọmọ. Ó fò sókè: "Háà, Mọ́mì! Wọ́n á ní iṣẹ́ lẹ fẹ́ lọ ṣe. Ẹ kọ ìgbafẹ́." Ìgbafẹ́ la kọ. Àránṣọ tó fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù pa fún oṣù méjì, ní November, nígbà tí aṣọ Kérésìmesì ń wọlé wọ̀ọ̀wọ̀, kó lọ gbafẹ́ nínú òtútù Manchester. Èmi gan-an, bí mo bá ka irú ẹ̀, mi ò ní gbà á gbọ́. Òṣìṣẹ́ náà kò sì gbà á gbọ́. Ó kọ ọ́ pé kò yé òun ìdí tí mo fi ń lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n ti já mi ni mo wá rí i nínú ìlànà tiwọn fúnra wọn pé ẹbí lè wá bá ẹbí tọ́jú ọmọ fún ìgbà díẹ̀, tí kò bá ṣáà ti jẹ́ pé wọ́n gbà á síṣẹ́ ọmọ títọ́. Òótọ́ tí mo fẹ́ sọ ló bá òfin mu. Irọ́ tí mo sanwó fún ló já mi.

Ṣùgbọ́n ti àjọ ló ń dùn mí jù.

Gbogbo ẹnu tó wà ní Ìbàdàn ló sọ fún mi pé kí owó kún inú báǹkì. Èjẹ́ǹtì sọ ọ́, ìyàwó pásítọ̀ wa sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń gbé London sọ ọ́: "Kí wọ́n ṣáà rówó níbẹ̀." Àkáǹtì mi kì í sábà ju ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún náírà lọ, torí owó àránṣọ kì í gbé báǹkì, ó ń di òwú, ó ń di sípù, ó ń di owó iléèwé. Ibi tí owó mi ń gbé ni ọwọ́ Bàbá Alájọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń dá ₦5,000. Káàdì kan ní ojúlé 31: 30 jẹ́ tèmi, ọ̀kan jẹ́ ti Bàbá. Káàdì méjìlá kún, mo kó o, ₦1,800,000 géérégé. Bàbá kà á fún mi lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, wọ́n sì ṣàdúrà sí i. Ọjọ́ kejì mo gbé e lọ báǹkì, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì ń yan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà tí mo lọ tẹ̀ka fún físà náà ni èsì dé. Wọ́n ní owó ńlá kan wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò jọ bí owó ṣe ń wọ àkáǹtì mi tẹ́lẹ̀, mi ò sì sọ ibi tó ti wá. Ní èdè àwa, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé mo lọ yáwó kó lè jọ pé mo lówó.

Ẹ wò ó, owó tó mọ́ jù tí mo ní láyé nìyẹn! Mo mọ ọjọ́ tí ẹgbẹ̀rún márùn-ún kọ̀ọ̀kan wọlé. Mo mọ èyí tí mo fi ebi dá. Àwọn káàdì náà wà nínú ọ̀rá lábẹ́ máṣíìnì mi, aláwọ̀ ewé, òróró máṣíìnì ti kán sí méjì, Bàbá sì fi bírò pupa sàmì sí ojúlé 372. Ìwé ẹ̀rí wo ló tún kù? Mo bi èjẹ́ǹtì léèrè nígbà yẹn bóyá ká fi wọ́n kún ìwé tí à ń kó lọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Mọ́mì, káàdì alájọ ni òyìnbó fẹ́ wò?"

Bẹ́ẹ̀ ni o, káàdì alájọ ni òyìnbó fẹ́ wò! Ohun tí wọ́n ń bèèrè nìyẹn: bí owó bá ṣàdédé pọ̀, sọ bó ṣe jẹ́. Lẹ́tà olójú ewé kan tí mo fi ṣàlàyé àjọ, fọ́tò àwọn káàdì náà, ìwé kékeré kan láti ọwọ́ Bàbá, ì bá ṣe é kó yé wọn. Mo tún wá kà á pé ìwé tí kò bá sí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tàbí èdè Welsh, dandan ni kí èèyàn fi ìtumọ̀ tì í. Welsh! Mi ò bá àwọn ará Welsh jà o, ilé wọn ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ó pa mí lẹ́rìn-ín láàárín ẹkún pé "Ìyá Tóyìn Àránṣọ, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì" tí Bàbá kọ sórí káàdì yóò nílò ògbufọ̀.

Ẹ má sì sọ fún mi pé kí n ti ka ìlànà. Mo kà á. "O lè fi èyí kún un. O lè fi tọ̀hún náà kún un." Wọ́n á tún fi kún un pé bí o bá kó gbogbo rẹ̀ wá, kò túmọ̀ sí pé a ó fún ọ. Kí ni èèyàn ń fi "o lè" ṣe? Bí oníbàárà bá wá sọ́dọ̀ mi, mi ò ní sọ fún un pé "o lè mú aṣọ wá." Mo ń sọ pé yáàdì mẹ́rin, lánínì yáàdì méjì, sípù kan. Tí kò bá mú un wá, ó mọ̀ pé òun ni kò mú un wá.

£127 tí mo san, ó tó nǹkan bíi ₦250,000, kò sí èyí tó ń padà bọ̀. Àti san án gan-an, káàdì náírà mi kọ̀, àfi ìgbà tí mo bẹ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní ó dáa, kí n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tèmi náà. Wọ́n ní láti June 2013 ni ẹni tó bá fẹ́ lọ kí ẹbí ti pàdánù ẹ̀tọ́ yẹn. Tún owó san, kí o tún un kọ. Ó parí.

Èjẹ́ǹtì tún gbójú wọlé lọ́jọ́ kejì. Ó ní ẹnìkan wà tó lè bá wa "tún" sítétímẹ́ǹtì báǹkì "ṣe." Ọ̀pá ìwọnṣọ ni mo fi lé e dé àtẹ̀gùn. Bí wọ́n bá fi ìwé ayédèrú mú èèyàn, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n lè fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Ọmọ àbúrò mi á ti máa parí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ìmọ̀ràn wá pọ̀ bí eṣinṣin. Ìkan ní páspọ́ọ̀tù mi ló mọ́ jù, kí n lọ Kùtọnu lọ gba òǹtẹ̀ sí i, ṣebí ECOWAS fún wa ní 90 ọjọ́ láìgba físà. Òmíràn ní kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí wọ́n lè gbà pé mò ń lọ lóòótọ́, èyí tó dúró ní Frankfurt ní Jámánì ló pọ́ọ́kú. Ẹ gbà mí. Orílẹ̀-èdè méjìlá ni òfin Schengen, ti àwọn ìlú Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà, dárúkọ pé ọmọ wọn gbọ́dọ̀ gba físà kí ó tó lè jókòó sínú pápákọ̀ òfuurufú wọn lásán de bàálù mìíràn, Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Físà Amẹ́ríkà tàbí ti Kánádà lè yọ èèyàn. Ti Ìlú Ọba kò sí nínú èyí tí wọ́n dárúkọ mọ́ látìgbà tí wọ́n ti kúrò nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù. Ǹ bá gba físà tán kí wọ́n wá dá mi padà ní Èkó nítorí àga ní Frankfurt. Bẹ́ẹ̀ físà ọ̀hún gan-an, àṣẹ àtikan ilẹ̀kùn ni; ẹni tó wà lẹ́nu ibodè lè ní kí n padà.

Mo ti tún un bẹ̀rẹ̀, fúnra mi, lórí fóònù, lálaalẹ́. Mo kọ ọ́ pé mò ń lọ bá àbúrò mi tọ́jú ọmọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ti ń jókòó báyìí. Wọ́n béèrè bóyá wọ́n ti fi físà dù mí rí. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Títí ayé ni n ó máa tẹ bẹ́ẹ̀ ni yẹn, bó jẹ́ Ìlú Ọba, bó jẹ́ ibòmíràn tó bá ti bèèrè.

Bàbá Alájọ dé ní àárọ̀ yìí. Mo fún wọn ní ₦5,000. Bí wọ́n ṣe fẹ́ sàmì sí i kí wọ́n máa lọ, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ déètì sí i. Ẹ kọ orúkọ mi pé, ti páspọ́ọ̀tù, kì í ṣe Ìyá Tóyìn. Kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí i lábẹ́."

Wọ́n gbé bírò kúrò lórí káàdì, wọ́n wò mí títí.

"Ìyá Tóyìn, kí ni mo ṣe fún ọ tó o fi fẹ́ gbé mi lọ kóòtù?"