Ọwọ́ kan ń fi báàgì pamọ́, ọwọ́ kejì ń na ìgò sí mi

Mo ṣì ń bínú, nítorí náà bí ẹ bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti gbóná jù, ẹ bá mi fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Lánàá, Sátidé, a ṣe ìnáwó òkú ìyá ìyá mi ní Ìtokò. Arúgbó yẹn jẹ ayé pẹ́, kò sẹ́ni tó sunkún àfi àwọn tó fẹ́ kí onífídíò ká àwọn sílẹ̀. Kampala tí gbogbo ìdílé fi ṣe aṣọ ẹbí, èmi ni mo pa á láró. 360 yáàdì, èmi àti ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi dúró lẹ́bàá ìkòkò, tí èéfín kọ́sítíìkì ń ta wá lójú. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ òfo ni mo gbé lọ síbẹ̀.

Láàárọ̀, mo wọ yàrá lọ mú àwọn gèlè tó kù. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìjàyè ló wà níbẹ̀, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń ka owó. Bí wọ́n ṣe gbójú sókè tí wọ́n rí i pé èmi ni, ọwọ́ wọn sáré. Owó wọ báàgì, báàgì wọ abẹ́ ìdí, Màmá Ìjàyè jókòó lé e bí adìẹ tó sàba. "Ọmọ mi, o káàbọ̀. Ṣé o ti jẹun?" Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín o. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo dọ̀bálẹ̀, mo mú gèlè, mo jáde.

Ó dùn mí, àmọ́ ó ti mọ́ mi lára. Mi ò bá má tiẹ̀ sọ ọ́.

Ìgbà tó di ọ̀sán, tí onífújì ti ń ki àwọn olówó lábẹ́ kánópì, Màmá Ìjàyè kan náà ló dé ìdí tábìlì wa. Ìgò bíà ló wà lọ́wọ́ wọn, ó tutù débi pé omi ń kán lára rẹ̀. Wọ́n gbé e ka iwájú mi. Wọ́n ti ṣí i. "Mu ún jàre, ìyá ẹ àgbà ló lọ." Mo ní, "Màmá, ẹ ṣé, malt ni mò ń mu." Wọ́n wo malt, wọ́n wò mí. "Malt kẹ̀? Àgbàlagbà bíi tìẹ? Ṣebí o ti gbádùn! Kì í kúkú ṣe bíà ló ṣe ẹ́ nígbà yẹn, oògùn oníhóró ni." Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò mi kan tiẹ̀ ní, "Bọ̀dá mi, ẹ mu ìlàjì, ẹ fún mi ní ìyókù."

Ẹ gbà mí o. Bí mo bá ṣì jẹ́ ẹni tí èèyàn ń jókòó lé owó nítorí rẹ̀, kí ló dé tí ẹ fi ń ṣí bíà fún mi? Bí mo bá sì ti gbádùn débi tí mo lè mu bíà, ẹ dìde lórí báàgì. Ẹ mú ọ̀kan. Ẹ ò lè fi mí ṣe olè ní yàrá, kí ẹ fi mí ṣe ẹni tó ti bọ́ lábẹ́ kánópì, lọ́jọ́ kan náà, nínú aṣọ tí mo fi ọwọ́ mi pa láró.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ mi tipẹ́ mọ ìtàn náà, mi ò ní tún un sọ látòkè délẹ̀. Paraga ní gáréèjì Láfẹ́nwá nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 19. Lẹ́yìn náà tramadol, oògùn ìrora, two-two-five, tí a fi ń sọ pé ó ń jẹ́ kí a lè ṣiṣẹ́ pẹ́. Paraga yẹn náà la fi ń gbé e mì. Lẹ́yìn náà omi ikọ́ oní-kódíìnì, kí ìjọba tó fòfin dè é ní 2018. Tramadol máa ń fa gìrì, ẹni tó ń mu ún kì í gbà bẹ́ẹ̀ títí gìrì á fi gbé e. Tèmi gbé mi lẹ́bàá ìkòkò aró ní September 2014. Àpá omi gbígbóná yẹn ṣì wà lápá ọ̀tún mi, òun ni mo fi ń wọ aṣọ alápá gígùn nínú oòrùn Abẹ́òkúta. Ọmọ aláró ni mí, Àró ni wọ́n gbé mi lọ. (Ẹ̀fẹ̀ yẹn, èmi ni mo ni ín. Ẹ má yá a lò.)

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo fi oògùn sílẹ̀ ni gbogbo ayé máa ń bi mí. Ó le lóòótọ́: ẹsẹ̀ ò ní gbé jẹ́ẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, imú á máa dà, inú á máa ṣu, èèyàn á máa yán ṣùgbọ́n oorun ò ní wá. Àmọ́ ó ní òpin. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí ni ọdún kẹta, ọdún keje, ọdún kọkànlá. Kò sí ìtàn níbẹ̀. Mo máa ń gba ọ̀nà tó jìn lọ sí Ìtòkú kí n má baà kọjá níwájú obìnrin kan tó ń po agbo jẹ̀dí, nítorí òórùn rẹ̀ ṣì mọ orúkọ mi. Lọ́dún tó kọjá, dókítà yọ eyín fún mi, ó ń kọ oògùn ìrora, mo rí T, mo rí R. Mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìyẹn." Ó ní kí ló dé. Èèyàn mẹ́rin ló jókòó síbẹ̀. Mo sọ ìdí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbójú sókè, ó wo ojú mi, ó wo ọwọ́ mi, ó sì rọra ti dúrọ́ọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pa. Paracetamol ni mo fi gbé ìrora yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta.

Mo ti fìgbà kan sọ fún yín nípa pásítọ̀ tó ní kí n wá jẹ́rìí pé mo ti bọ́. Mo ní, "Ẹ má bínú sà, mi ò tíì bọ́, mò ń bọ̀ ni." Kò pè mí mọ́.

Ẹ sì má rò pé èmi nìkan ni o. Ìwádìí lórí lílo oògùn tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, tí wọ́n pè ní ti 2018, ka èèyàn mílíọ̀nù 14.3 láàárín ẹni ọdún 15 sí 64 tó lo oògùn nílòkulò láàárín ọdún kan. Èèyàn kan nínú méje nìyẹn, wọn ò sì ka ọtí mọ́ ọn. Tábìlì wa lánàá gba èèyàn mẹ́wàá. Ẹ ṣírò ẹ̀. Àbúrò mi tó fẹ́ gba ìyókù bíà, mo wo ojú rẹ̀ dáadáa, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. NAFDAC ní February 2024 lóun ò ní gbà kí wọ́n ta ọtí inú ọ̀rá mọ́, ariwo sọ, wọ́n sún un di òpin 2025. Ẹni tó ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé aró wa kò tiẹ̀ gbọ́ pé ẹnì kan fòfin de nǹkan kan.

Ohun tó ń dùn mí jù rèé. Ìlú wa yìí ló yẹ kó mọ̀ ọ́n ṣe. Dókítà Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, ọmọ Abẹ́òkúta tó lọ sí Baptist Boys' High School níbí, dé Àró ní 1954, ilé ìwòsàn ọpọlọ náà kò tíì parí. Ó ní kí aláìsàn máa gbé láàárín abúlé, ní ilé àwọn àgbẹ̀, kí ẹbí rẹ̀ kan bá a wá, kó máa gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, kó padà sọ́dọ̀ èèyàn lálẹ́. Gbogbo ayé wá wo ohun tó ṣe. Mo mọ̀ pé àwọn ará abúlé gba owó ilé, kì í ṣe àánú lásán. Síbẹ̀, ẹni tí orí rẹ̀ dàrú sùn sínú ilé wọn, wọ́n sì sùn ní yàrá kejì. Ó ti lé ní 70 ọdún báyìí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò lè wà pẹ̀lú mi ní yàrá kan fún ìṣẹ́jú tí mo fi mú gèlè.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n gba iṣẹ́ yẹn ṣe fún yín: ní 2012, mo jí owó àjọ Màmá Ìjàyè. 45,000. Abẹ́ tìmùtìmù ni wọ́n fi í sí, nínú yàrá kan náà. Mo san án padà ní 2016, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi san án, wọ́n gbà á, wọ́n ṣàdúrà fún mi títí orúnkún fi ń ro mí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán lọ́jọ́ yẹn. Ṣé ọ̀rọ̀ ò tán ni? Mélòó ni èèyàn ń san gan-an?

Ibi tí mo kọ ọ́ dé lọ́sàn-án òní nìyẹn. Mo fẹ́ fi sójú òpó, kí n fi orúkọ adìẹ tó sàba ṣe àkọlé, kí ẹ bá mi rẹ́rìn-ín.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló dé. Mi ò sọ èyí fún yín rí: ibi tí mo ti ń bọ̀ ni òun náà ti ń bọ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tó ti kúrò ní wọ́ọ̀dù, ìyá rẹ̀ ló mú un wá, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yin ni ẹ máa yé e." Mo sì gbà á. Ọmọ náà mọ aró pò ju mi lọ nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí rẹ̀. Mo wà lórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀bù, owó aṣọ ẹbí tí àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ san wà nínú ọ̀rá dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, fóònù wà lọ́wọ́ mi, mò ń kọ ọ̀rọ̀ báàgì. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: "Ọ̀gá, ẹ káàsán sà."

Mi ò rò ó. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́ níbẹ̀ yẹn, mi ò rò ó rárá. Nígbà tó fi máa yọ orí, mo ti sún ìdí, mo ti jókòó lé ọ̀rá yẹn.

Ó rí i. Etí ọ̀rá yọ síta. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ojú kúrò, ó sì rẹ́rìn-ín fún mi. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Mo rín in lánàá.

Mo ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Ó ní òun ti jẹun. Mo ní kó mú malt kan nínú kúlà. Ó lọ kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ṣí i, ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀, ó kẹ́yìn sí mi pátápátá, bí ẹni tó ń fún mi láyè kí n ṣe ohun tí mo bá fẹ́ ṣe. Mo lè dìde nígbà yẹn. Mo lè fa ọ̀rá yẹn yọ, kí n gbé e sórí tábìlì, kí n ní kó bá mi ka owó inú rẹ̀. Mo ronú kan ìyẹn. Mo tún ronú kan 45,000.

Ó mu malt tán, ó fọ ìkòkò méjèèjì, ó kí mi, ó lọ. Orí bẹ́ǹṣì yẹn náà ni mo ti parí ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò tíì dìde.