Ẹ fi ọwọ́ òsì ọmọ mi sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi Yorùbá ẹnu ẹ̀ náà sílẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí n tó lọ gbé ìrẹsì kaná. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé tó kọjá mo lọ mú ọmọ mi ọkùnrin nílé-ìwé, Kubwa l'Abuja níbí là ń gbé, ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́rin ni, bó ṣe na ọwọ́ pé kí n gbé òun báyìí ni mo rí ilà kan yípo ọrùn ọwọ́ òsì ẹ̀, ilà tó ti wọlé sínú ara díẹ̀. Mo ní kí lèyí? Ó ní "rọ́bà àǹtí". Àṣé wọ́n bọ ìbọ̀sẹ̀ sí i lọ́wọ́ òsì, wọ́n wá fi rọ́bà tí wọ́n fi ń so owó so ó pa kó má baà lè fi ọwọ́ yẹn mú pẹ́ńsù.

Tíṣà ò tiẹ̀ fi pa mọ́. Ó ní ìrànlọ́wọ́ làwọn ń ṣe fún wa, pé ọmọ tó bá ń lo òsì, ọpọlọ ẹ̀ ti yí sódì, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò fi já gaara, àti pé Yorùbá tí à ń sọ sí i nílé pẹ̀lú Hausa tó ń gbọ́ ní kóḿpáǹdì ti kún orí ẹ̀, òyìnbó ò ráyè wọlé mọ́, ká jọ̀ọ́ ká dá Yorùbá dúró títí tó fi máa wọ pámárì wáànù. Mi ò bá a jà. Mo gba rọ́bà yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, mo fi sínú báàgì, mo kó ọmọ mi wọ kèkè.

Mi ò kàwé dókítà o, iṣẹ́ àkáǹtì ni mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n nǹkan tó ṣe bàbá mi ti jẹ́ kí n mọ díẹ̀ nípa ọpọlọ. N'Ílọrin nílé, rọpárọsẹ̀ kọlu Bàámi, ọwọ́ ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ náà sì lọ. Ohun yòówù téèyàn bá bi wọ́n, "bẹ́ẹ̀ni, bẹ́ẹ̀ni". Ṣé ẹ ti jẹun? Bẹ́ẹ̀ni. Ṣé ebi ń pa yín? Bẹ́ẹ̀ni. Orí á máa mì pé rárá, ẹnu á máa pe bẹ́ẹ̀ni, omi á wá gba ojú wọn kan torí àwọn fúnra wọn gbọ́ pé ohun tó ń jáde kọ́ làwọn fẹ́ sọ. Àmọ́ tí ààfáà bá wá kí wọn tó bá gbé Fátíà, Bàámi á kà á tẹ̀lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ahọ́n ò ní kọ́ níbì kankan, ẹni tí ò lè sọ pé "ẹ fún mi lómi" o! Ní bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀lé tiwọn, bàbá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ apá òsì ni tiẹ̀ kú. Bàbá yẹn ò jẹ́ ká sùn. Gbogbo ilẹ̀ tó ti rà láyé ẹ̀ ló ka fún wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mo wá bi dókítà pé kí ló fa ìyàtọ̀. Ó fọwọ́ kan apá òsì orí ara ẹ̀, ó ní ibí lọ̀rọ̀ ń gbé lára ọ̀pọ̀ èèyàn, apá yìí kan náà ló sì ń darí ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, torí àwọn iṣan tó ń ti ọpọlọ bọ̀ máa ń dábùú ara wọn kọjá kí wọ́n tó dé ara. Tí nǹkan bá ba apá ibẹ̀ jẹ́, ó sábà máa ń kó méjèèjì lọ. Ó ní Fátíà yàtọ̀, pé ohun téèyàn ti kà sórí láti kékeré ò gbára lé ojú ibẹ̀ nìkan.

Nígbà tí mo padà dé Abuja mo wá ń ka kiní yìí lórí fóònù nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Berger. Àṣé ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ní 1861, dókítà ará Faransé kan tó ń jẹ́ Paul Broca rí aláìsàn kan tó jẹ́ pé "tan" nìkan ló lè sọ, débi pé "Tan" ni wọ́n wá ń pè é lọ́sibítù. Nígbà tó kú Broca yẹ ọpọlọ ẹ̀ wò, iwájú lápá òsì ló ti bàjẹ́. Ní 1874, ará Jámánì kan, Carl Wernicke, tún ṣàlàyé ojú ibòmíì lápá òsì yẹn náà, ṣùgbọ́n sápá ẹ̀yìn, lọ́gangan etí: tíyẹn bá bàjẹ́, ọ̀rọ̀ á máa dà wàràwàrà lẹ́nu onítọ̀hún àmọ́ kò ní nítumọ̀, tẹlòmíì náà ò sì ní yé e. Mo ka èyí tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nínú ọkọ̀. "Bẹ́ẹ̀ni" ni "tan" ti Bàámi.

Ibi tí tíṣà ọmọ mi wá ti ṣì í rèé. Ó rò pé nígbà tó jẹ́ pé òsì lọmọ yìí ń lò, gbogbo inú orí ẹ̀ náà ti yí. Irọ́ ni. Nínú 100 èèyàn tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, bíi 95 lọ̀rọ̀ wọn wà lápá òsì ọpọlọ. Nínú 100 ọlọ́wọ́ òsì ńkọ́? Bíi 70 ṣì ni! Àwọn tó kù, ó wà lọ́tùn-ún fún àwọn kan, ó pín sọ́tùn-ún sósì fún àwọn kan, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ bí èmi àtiyín. Ọlọ́wọ́ òsì tó tó nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá láyé yìí, tó bá jẹ́ pé òsì ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni, a ò bá ti mọ̀. Rọ́bà wo ló wá fẹ́ wọnú agbárí ọmọ lọ gbé ọ̀rọ̀ kúrò níbi tó wà? (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún ń fi bróòdkáàsì WhatsApp ránṣẹ́ pé oníṣirò ń lo apá òsì, olórin ń lo apá ọ̀tún, ẹ sinmi jàre. Ní 2013 wọ́n yẹ ọpọlọ èèyàn tó lé ní 1,000 wò ní Yunifásítì Utah l'Amẹ́ríkà, wọn ò rí ẹni tó ń fi apá kan ṣayé.)

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, mi ò ní kó máa fòsì jẹun tàbí kó máa fòsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ìyá ọkọ mi á pa mí! Ìyẹn ti yé e, ọ̀tún ló fi ń jẹ àmàlà. Pẹ́ńsù ni mò ń sọ. Ìyá ọkọ mi yìí kan náà ló ní ẹ̀gbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ òsì ló fi ń gé aṣọ, tó fi ránṣọ títí tó fi kú, kò sẹ́ni tó so ó lọ́wọ́.

Orí ọmọdé ò tiẹ̀ rí bíi tàgbà. Nígbà tọ́mọ bá ṣì kéré, apá méjèèjì ló jọ ń bá ọ̀rọ̀ ṣiṣẹ́, bó ṣe ń dàgbà ló ń fì sósì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọmọ tí nǹkan bá ba apá òsì ọpọlọ ẹ̀ jẹ́ nígbà ìbí, ó sábà máa ń sọ̀rọ̀ náà ni, apá ọ̀tún á gbaṣẹ́ ṣe. Àdúgbò wa níbí, ọmọ SS kan (àìsàn fòní-kú-fọ̀la-dìde) ní rọpárọsẹ̀ lápá ọ̀tún, ọmọ ọdún mẹ́fà, ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu ẹ̀ pátápátá. Kó tó pé ọdún kan ó ti ń bú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀. Bàámi lo ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó kú, "bẹ́ẹ̀ni" náà ló kù sí wọn lẹ́nu.

Ọpọlọ tó lè ṣe báyẹn lẹ ní Yorùbá máa kún. Láàárọ̀, ọmọ yìí á kí mai gadi wa ní "ina kwana", á yíjú sí mi á ní "Mọ́mì, bàtà mi dà?", á dé ilé-ìwé á máa sọ òyìnbó. Kò kí ìyá ọkọ mi ní Hausa rí, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ta ló dàrú níbẹ̀? Ọmọ tó ń gbọ́ èdè méjì lè má ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi ti elédè kan, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ro méjèèjì pọ̀ kò kéré. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn tí wọ́n jọ ṣe é fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pámárì n'Ílé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ yẹn ò kẹ́yìn, kódà wọ́n ta àwọn tí wọ́n padà fi òyìnbó kọ́ yọ, nínú òyìnbó náà gan-an. Pẹ̀lú ẹ̀ náà, ní 2022 ìjọba àpapọ̀ ní ká fi èdè abínibí kọ́ wọn ní pámárì, 2025 wọ́n fagi lé e. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn lónìí.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti ohùn. Àwọn tó ṣèwádìí lórí èdè Mandarin àti Thai, tó jẹ́ olóhùn bíi tiwa, rí i pé ẹni tó gbọ́ èdè yẹn ń fi apá òsì mú ohùn, bó ṣe ń mú ọ̀rọ̀. Tíṣà yìí ti bá Yorùbá gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ ni o, ọkọ́ ni o, ọkọ ni o, ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀ létí ẹ̀. Ọmọ mi ò ṣì í rí. Ọkọ̀ dádì ẹ̀ ò di ọkọ́ dádì ẹ̀ rí.

Àmọ́ ṣíbí ń di "tíbí" lẹ́nu ẹ̀, ìró fù ń sọnù. Ibẹ̀ ni tíṣà ti gbà mí lójú díẹ̀, òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò já gaara. Èmi ni mi ò tètè ronú kàn án: nígbà ọyẹ́ tó kọjá, etí ọmọ yìí ṣọyún léraléra, mo ń kán oògùn sí i mo ń bá tèmi lọ. Fúráìdé mo gbé e lọ sọ́sibítù kí wọ́n yẹ etí ẹ̀ wò. Omi ṣì wà lẹ́yìn ìlù etí méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ń dé etí ẹ̀ bíi ti ẹni tó mùwẹ̀ sínú omi, ohùn ń wọlé, àwọn ìró wẹ́wẹ́ ń dà nù lọ́nà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè níbí, sankarau, àìsàn yírùnyírùn tó ń jà nígbà ooru, ọmọ tó bá bọ́ nínú ẹ̀ tí ò wá sọ̀rọ̀ mọ́, etí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ̀ wò. Jọ́ndíìsì tó le nígbà ìbí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n fún wa ní oògùn, a máa padà lọ lóṣù tó ń bọ̀. Mo mú ìwé dókítà fún tíṣà, ó kà á, ó ní "sọ́rì Mummy", kò wojú mi. Rọ́bà ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi o, mo ti fi so ọ̀rá gààrì.