Orúnkún màmá mi ló ń bá wa yan etíkun

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó kọjá, mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé a ti sanwó káráfáànì fún ìsinmi àwọn ọmọ. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìwọ ọmọ Ẹ̀pẹ́, o sanwó ilé ní London tán, o tún fẹ́ lọ sanwó sùn nínú ọkọ̀?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kọ́. Ilé kékeré ni, ojú kan ni wọ́n gbé e kalẹ̀ sí, ó ní yàrá méjì tàbí mẹ́ta, sítóòfù, fíríìjì àti balùwẹ̀. Èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò wà lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń fi í rìn sẹ́yìn ni kó lọ gbé e.

Ibi tí a ń lọ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Fọ́tò ni ọ̀pọ̀ wa fi ń yan etíkun. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ojú mi sì rí i. Ní báyìí, orúnkún màmá mi ni mo fi ń yàn án. Ibi tí ẹsẹ̀ wọn bá lè gbé wọn dé etí omi láìsí pé ẹnikẹ́ni fà wọ́n lọ́wọ́, ibẹ̀ la ń lọ.

Newquay la kọ́kọ́ lọ, ní Cornwall. Mi ò ní purọ́, etíkun ibẹ̀ rẹwà. Ṣùgbọ́n láti Thamesmead ní London tí à ń gbé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì 280, Sátidé inú oṣù kẹjọ la sì gbéra. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ọ̀nà A303 níbi tó ti gba ẹ̀gbẹ́ Stonehenge kọjá, ẹ mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí mò ń wí. Wákàtí mẹ́sàn-án! Èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ bì lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a dé, àtẹ̀gùn gígùn ló sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè dé orí yanrìn. Màmá wo àtẹ̀gùn, wọ́n wo èmi, wọ́n ní, "Ẹ máa lọ, mò ń rí i láti ibí." Ìgbì ibẹ̀ náà kì í ṣe ti ọmọdé. Ẹ jọ̀ọ́, ibikíbi tí ẹ bá lọ, àárín àsíá aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò tí àwọn adóòlà etíkun ti ẹgbẹ́ RNLI rì mọ́lẹ̀ ni kí àwọn ọmọ yín ti wẹ̀.

Ní ọdún kejì mo ní ká má lọ jìnnà mọ́. A lọ sí Brean ní Somerset. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ọgbà káráfáànì ló kún ibẹ̀, owó rẹ̀ kò gani lára. Mo ti ń yin ara mi. A débẹ̀ lọ́sàn-án, a yọ sí etíkun, Màmá dúró. Yanrìn rèé, lẹ́yìn yanrìn ẹrẹ̀, lẹ́yìn ẹrẹ̀ ohun kan tó ń dán lọ́hùn-ún bí abẹ.

"Òkun dà?"

Mo ní ó ti fà sẹ́yìn.

"Ó fà lọ síbo?"

Etí ọ̀sà ni wọ́n bí màmá mi sí, wọ́n sì mọ òkun Èkó kí Bar Beach tó di Eko Atlantic. Wọn ò rí irú èyí rí. Ní Èkó, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbà tí òkun kún àti ìgbà tó fà kò ju bíi mítà kan lọ. Ní Bristol Channel, apá òkun tí Brean wà létí rẹ̀, ó lè lé ní mítà 12. Ẹnu ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé fẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń fún bọ̀ bí àrọ tí a fi ń rọ epo, omi tó sì wọ inú àrọ kò ríbi lọ àfi kó ga. Ní ọ̀sẹ̀ tí a lọ, ó ń kún ní kùtùkùtù, ó tún ń kún nírọ̀lẹ́, ní gbogbo ọ̀sán kò sí nílé. A ò sì lè tẹ̀ lé e lọ, torí ẹrẹ̀ ibẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀ mì, àkọlé ìkìlọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀bi tèmi ni. Àkókò tí òkun ń kún àti èyí tó ń fà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò kàn wò ó ni.

Hunstanton ni a wá fìdí kalẹ̀ sí, ní Norfolk. Kò ju bíi máìlì 110 lọ sí ilé wa. Ẹni tí kò ní mọ́tò lè wọ rélùwéè láti King's Cross dé King's Lynn, kó wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀, torí láti 1969 ni wọ́n ti pa rélùwéè Hunstanton fúnra rẹ̀ tì. Òkun ibẹ̀ náà ń fà, àmọ́ yanrìn ló ń fi sílẹ̀, àwọn ọmọ á máa ṣa ìkarahun. Àpáta etí omi rẹ̀ ní ìlà bí aṣọ òfì, pupa rẹ́súrẹ́sú nísàlẹ̀, funfun lókè. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tẹ́jú, àga ìjókòó pọ̀, ilé ìtọ̀ kò jìnnà. Màmá rìn lọ, wọ́n rìn bọ̀, wọn ò di ẹnikẹ́ni mú. Omi rẹ̀ tutù o! Ẹni tó bá fẹ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kó lọ wá owó Tenerife, erékùṣù olóoru ilẹ̀ Sípéènì.

Àwọn kan máa béèrè bóyá èèyàn dúdú pọ̀ níbẹ̀. Wọn ò pọ̀. Ọjọ́ kìíní, wọ́n wò wá. Ọjọ́ kejì, ìyá àgbà òyìnbó inú káráfáànì tó tẹ̀ lé tiwa wá béèrè ohun tó ń ta sánsán, Màmá bu dòdò fún un. Akàn Cromer, ìlú kan ní Norfolk níbẹ̀, náà wà, tí òkìkí rẹ̀ kàn. Màmá ní ó lẹ́ran dáadáa, àmọ́ òyìnbó ti bọ̀ ọ́ láìfi ata sí i. Wọ́n gbé e padà sórí iná pẹ̀lú ata rodo, ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ èéfín nínú káráfáànì bẹ̀rẹ̀ sí í han.

Ohun tó jẹ́ kí n máa padà síbẹ̀ ni pé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìhà ìlà-oòrùn England ni Norfolk wà, ìwọ̀-oòrùn ni Hunstanton kọjú sí. Ìparí oṣù karùn-ún ni, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù, a jókòó sórí pápá tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síhà òkun. Fóònù mi, tí mi ò tíì yí kúrò ní àsìkò ìrun ti London, pe ìrun Màgàríbì. Màmá ò dìde. Wọ́n fi tẹ̀sùbáà ọwọ́ wọn tọ́ka sí ọ̀ọ́kán.

"Fóònù yín ń purọ́. Oòrùn rèé."

Gbogbo wa jókòó tì wọ́n títí ó fi wọ omi tán.