AI kò lè to ìwé ètò ìsìnkú yín tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo

Láti Bájùláyé títí dé Fọlá Àgòrò, ọ̀rọ̀ kan náà ló gba ẹnu àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní agbègbè Ṣómólú: wọ́n ní AI ti dé, ẹni tó bá ṣì ń jókòó to ojú-ìwé ń fi ojú ara rẹ̀ gbolẹ̀ lásán. Kí èèyàn ṣáà sọ ohun tó fẹ́, kí ìwé jáde ní títò, kó gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ. Àwọn oníbàárà ti gbà á gbọ́, wọ́n sì ti ń ná iṣẹ́ wa ní owó pọ́ọ́kú. Irọ́ gbáà ni. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ iṣẹ́ ti ń tìtorí rẹ̀ sọ pé kí làwọn ń kọ́ paragraph style (ètò ìrísí ọ̀rọ̀ tí a fún lórúkọ) fún.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé ètò ìsìnkú, A4 tí a ṣẹ́ sí méjì tó di A5. Ẹ ní kí AI ya èèpo iwájú rẹ̀, yóò yà á, yóò sì dùn ún wò lójú fóònù. Ṣùgbọ́n àwòrán lásán ni. Bí wọ́n bá ṣi orúkọ Màmá kọ, kò sí ibi tí ẹ máa fọwọ́ kàn láti tún un ṣe. Bí fífẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 1024 píksẹ́lì, tí ẹ sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní 300 dpi (píksẹ́lì 300 nínú ínṣì kan), kò ju nǹkan bíi mìlímítà 87 lọ, bẹ́ẹ̀ A5 fẹ̀ tó 148. A ò tíì ka mìlímítà 3 tí à ń fi sílẹ̀ yí ká nítorí ọ̀bẹ. RGB (àwọ̀ ojú fóònù) ló sì máa ń jẹ́, nígbà tó jẹ́ CMYK (àwọ̀ yíǹkì) ni ẹ̀rọ ń fẹ́.

Ọ̀rọ̀ àmì orí orúkọ ló wá burú jù. Nínú Unicode (ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà), ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní in: ẹ tàbí ọ ló máa kọ́kọ́ wà, àmì ohùn á wá gun orí rẹ̀. Fọ́ǹtì tí kò mọ ibi tó yẹ kí àmì jókòó sí á gbé e sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó fi àpótí òfìfo dípò rẹ̀. AI tó ń yàwòrán kì í tilẹ̀ lo fọ́ǹtì. Ṣe ló ń fọ́n àmì sórí lẹ́tà bí ẹni fọ́n iyọ̀ sí ẹ̀wà. Ẹbí wo ló máa gbà kí orúkọ bàbá wọn jáde báyẹn lọ́jọ́ ìsìnkú?

Iṣẹ́ àṣetúnṣe tí wọ́n ní AI wá gbà lọ́wọ́ wa ńkọ́? Sọ́fíwia ti ń bá wa ṣe é tipẹ́. InDesign, sọ́fíwia tí à ń fi to ojú-ìwé, jáde ní 1999, Data Merge tó ń fa orúkọ láti inú àtẹ sójú ìwé sì ti wà nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ChatGPT tó jáde ní 2022. Bí ilé ìwé kan bá fẹ́ sàtífíkéètì 300, ẹ to orúkọ sínú Excel, bí àwòrán bá wà níbẹ̀, ẹ fi @ bẹ̀rẹ̀ àkọlé òpó tó ń sọ ibi tí fáìlì àwòrán wà, kí ẹ sì fi í pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi Unicode Text. Bí ẹ bá lo CSV lásán, ẹ, ọ àti ṣ lè di àmì ìbéèrè lórí gbogbo ọ̀ọ́dúnrún náà.

Ibi tí AI ti wúlò gan-an, tí mo sì fẹ́ kí gbogbo wa lò ó, ni kíkọ script, ìyẹn àwọn àṣẹ tí sọ́fíwia máa tẹ̀lé fúnra rẹ̀. JavaScript ni fún InDesign, Python fún Scribus, VBA fún CorelDRAW. Ó lè kọ èyí tó máa wá gbogbo àpótí tí ọ̀rọ̀ ti kún kọjá etí rẹ̀, nítorí ẹ mọ̀ bí àwọn ọmọ olóògbé ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ìdágbére ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tọ̀kan gùn, tìkejì kúrú. Àmọ́ template yín (fáìlì àwòṣe tí ẹ ti tò sílẹ̀) ni script náà máa rọ̀ mọ́. Bí style kò bá sí, tàbí ẹ kò sọ orúkọ rẹ̀ fún AI gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, kò sí ohun tó máa rí dì mú. Fáìlì .jsx InDesign sì ń lo JavaScript ayé 1999, nítorí náà bí AI bá kọ let tàbí => tó jẹ́ ti JavaScript òde òní síbẹ̀, InDesign á kọ̀ ọ́. Ẹ sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ExtendScript (JavaScript àtijọ́ yẹn) lẹ fẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kó fi A, B, D to orúkọ àwọn ọmọ. Àkọ́bí ló ń ṣíwájú, kò sì sí òpó kankan nínú Excel tó máa sọ ìyẹn fún un àfi tí ẹ bá kọ ọ́ síbẹ̀. Lórí ẹ̀dà fáìlì ni kí ẹ ti dán script wò, kí ẹ tẹ ẹyọ kan jáde, kí àgbà kan nínú ẹbí náà kà á tán kí ẹ tó ṣe plate, ìyẹn awo tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀wé.