New Jersey nìkan kọ́ ni ká wò

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Àmọ́ ẹ ní David Card, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ti fi hàn pé àfikún owó iṣẹ́ kì í lé ẹnikẹ́ni kúrò níbi iṣẹ́. Ìyẹn ju ohun tó sọ lọ.

Ní April 1992, ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà gbé owó iṣẹ́ tó kéré jù láti dọ́là 4.25 sí 5.05 fún wákàtí kan. Pennsylvania tó múlé tì í kò fi kọ́bọ̀ kún tirẹ̀. Card àti Alan Krueger, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ẹgbẹ́ rẹ̀, ka òṣìṣẹ́ ní ilé oúnjẹ 410 ní ìpínlẹ̀ méjèèjì, ṣáájú àfikún àti lẹ́yìn rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ kò pé, ìdajì èèyàn ni wọ́n kà á sí. Tí a bá pín òṣìṣẹ́ dọ́gba sí ilé oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, New Jersey kúrò ní 20.44 bọ́ sí 21.03, Pennsylvania já láti 23.33 sí 21.17. Ẹni tó bá wo New Jersey nìkan, àfikún òṣìṣẹ́ táṣẹ́rẹ́ ló máa rí; ó di ìgbà tó bá fi wé Pennsylvania kó tó rí bí ìyàtọ̀ náà ti pọ̀ tó. Nígbà tí Card wò ó bóyá àwọn ará Kúbà 125,000 tó wọ Miami ní 1980 gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìlú mìíràn náà ló fi wọ̀n ọ́n, onímọ̀ ọrọ̀ ajé George Borjas sì ṣì ń bá a jiyàn.

Ní Ìbàdàn ńkọ́? Òfin owó iṣẹ́ tó kéré jù ti 2024, 70,000 náírà lóṣù, kò kan ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Ìyá olóúnjẹ ní Bódìjà tó ń sanwó ojúmọ́ fún ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ ìkòkò tán kò sí lábẹ́ rẹ̀ rárá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣèwádìí tiwa, ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 20 sí 30 ni kó lọ kà, kó sì kà wọ́n kí àfikún tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá tó bá ti dá èèyàn mẹ́ta dúró kó lè bọ́ sábẹ́ 25 kò ní sọ fún un.