Kókó ọmú tí ò dunni, ẹ má fojú fò ó o

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn pé kókó ọmú tí ò bá ti dunni kì í ṣe jẹjẹrẹ, pé kéèyàn kàn máa fi òrí pa á títí á fi yọ́, kì í ṣòótọ́ rárá. Èyí tó pọ̀ jù nínú kókó jẹjẹrẹ ọmú kì í dunni níbẹ̀rẹ̀, òun gan-an ló ń tan àwọn èèyàn wa jẹ, ìyá á máa ru àdìrẹ lọ sí ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, ara ẹ̀ le koko, kò mọ̀ pé nǹkan ń dàgbà lábẹ́. Lóòótọ́ o, ọ̀pọ̀ kókó ni kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ ọwọ́ lásán ò lè mọ̀yàtọ̀, àfi kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n ṣe scan, kí wọ́n fabẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú ẹ̀ lọ sí láàbù. Tí awọ ọmú bá ń rí bí èèpo ọsàn, tórí ọmú wọnú, tàbí tẹ́jẹ̀ ń jáde níbẹ̀, FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà l'Abẹ́òkúta, ni kẹ́ ẹ gbà lọ, kì í ṣọ̀dọ̀ alágbo. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa tún post yẹn ṣe, torí àwọn ìyá wa gbà yín gbọ́ gan-an.